Bí a ṣe ń mú ẹja wúrà bímọ nínú ilé, láti yíyan òbí títí dé yíyan ọmọ

Ẹja wúrà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí goldfish, kì í ṣe ẹja tí ó ṣòro láti mú yé ẹyin. Bí akọ àti abo tí ó ti gbó bá wà nínú omi tí ó mọ́, tí wọ́n ń jẹun dáadáa, tí omi náà sì kúrò ní títutù tí ó ń lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, wọn yóò yé fúnra wọn. Lẹ́yìn ẹyin ni iṣẹ́ wà. Abo kan ṣoṣo lè tú ẹyin ọgọ́rùn-ún mélòó kan sínú omi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, èyí tí ó tóbi sì lè tú ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé tí omi inú rẹ̀ tó láti tọ́ gbogbo wọn dàgbà. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi iṣẹ́ yìí gbádùn ọwọ́dilẹ̀ rẹ̀ pé kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè iye ẹja tí omi tí ó ní lè gbà nígbà tí wọ́n bá dàgbà tán. Iye yẹn ni yóò sọ iye ẹyin tí yóò tọ́jú, iye ọmọ tí yóò bọ́, àti ìgbà tí yóò dín wọn kù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ múra omi sílẹ̀

Ó kéré tán, ẹ nílò àyè omi mẹ́ta tí ó dá dúró. Àkọ́kọ́ ni táǹkì tàbí adágún kékeré tí àwọn òbí ń gbé; èkejì ni táǹkì tí wọn yóò ti yé, tí ó gba omi bíi lítà 80 sí 100; ẹ̀kẹta ni èyí tí ẹ ó ti tọ́ àwọn ọmọ. Bí ẹ bá lè ní ẹ̀kẹrin, kò pọ̀ jù, nítorí pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni àwọn ọmọ tí ó yára dàgbà yóò ní láti kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí ó kéré. Kò pọn dandan kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Ike ńlá tí ó fẹ̀, tí a kò fi po ọṣẹ tàbí oògùn kòkòrò rí, wúlò gan-an. Bí ojú omi ṣe fẹ̀ tó ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe jìn tó lọ, nítorí láti ojú omi ni atẹ́gùn tí ẹja ń mí ń gbà wọlé.

Omi ẹ̀rọ sábà máa ń ní chlorine nínú. Kẹ́míkà yìí ń pa kòkòrò àìsàn fún àwa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń jó ẹ̀yà ara tí ẹja fi ń mí. Bí ó bá jẹ́ chlorine nìkan ni ó wà níbẹ̀, ẹ gbé omi náà sílẹ̀ fún wákàtí 24 nínú ohun tí ẹnu rẹ̀ ṣí, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ atẹ́gùn rú u, yóò fò lọ. Chloramine, tí àwọn ilé iṣẹ́ omi mìíràn ń lò dípò rẹ̀, kì í fò lọ bẹ́ẹ̀. Oògùn omi ẹja tí a kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé ó ká chloramine nìkan ni kí ẹ lò fún un.

Amóníà tún wà, èyí tí ojú kò rí. Ẹja ń tú u jáde láti ibi tí ó fi ń mí àti nínú ìgbẹ́ rẹ̀, oúnjẹ tí ó bá jẹrà nísàlẹ̀ táǹkì sì ń dá kún un. Nínú táǹkì tí fílítà rẹ̀ ti pẹ́, àwọn bakitéríà kan tí ń gbé inú fóòmù yóò sọ amóníà di nitrite, àwọn mìíràn yóò sì sọ nitrite di nitrate tí kò ní oró púpọ̀. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn bakitéríà wọ̀nyí tó pọ̀ tó láti gbé iṣẹ́ náà. Ẹ ra ohun èlò tí a fi ń dán omi wò, kí ẹ sì lò ó: amóníà àti nitrite gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, kí nitrate má ju mìlígíráàmù 40 lọ nínú lítà kan, kí pH, òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí omi ṣe kan tó, sì wà láàrin 7 sí 8.

Nínú gbogbo ìmúrasílẹ̀ yìí, ohun tí mo kà sí pàtàkì jù lọ ni èyí: láti ìgbà tí ẹ bá ti ń gbèrò pé ẹ fẹ́ kí ẹja yé, ẹ fi fílítà onífóòmù méjì tí atẹ́gùn ń fà sínú táǹkì àwọn òbí, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ bá dé, ẹ ó kàn gbé ọ̀kan lọ sínú táǹkì wọn pẹ̀lú gbogbo bakitéríà inú rẹ̀, omi wọn yóò sì ti ní ẹ̀ṣọ́ láti ọjọ́ kìíní. Fílítà tí ó ní ẹ̀rọ alágbára kò dára fún wọn, nítorí yóò fa àwọn ọmọ wọlé. Bí fóòmù bá sì dọ̀tí, inú omi tí ẹ bù láti inú táǹkì ni kí ẹ ti fún un, ẹ má ṣe fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́, kí ẹ má baà pa àwọn bakitéríà tí ó wà nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: yíyan àwọn òbí

Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn ará Ṣáínà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn tí ó ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú jọ láàrin ẹja odò kan tí àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn. Láti ibẹ̀ ni ẹja wúrà ti dé Japan, ó sì dé Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Oríṣi tí ó ti jáde láti inú yíyàn yẹn pọ̀. Comet àti shubunkin ní ìrù kan, ara wọn sì gùn; fantail, ryukin, oranda, ranchu àti telescope ní ìrù méjì, ara wọn sì kúrú, ó ṣù. Oríṣi kan péré ni kí ẹ yàn, kí ẹ má sì da oríṣi méjì pọ̀, nítorí ọmọ àdàpọ̀ kì í sábà jọ èyíkéyìí nínú àwọn òbí rẹ̀, ó sì máa ń ṣòro láti rí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín. Fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀, èrò mi ni pé comet, shubunkin tàbí fantail ni ó yẹ. Ranchu lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní lẹbẹ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni ẹ̀yìn wọn kì í sì í tẹ́jú, ojú tí ó ti mọṣẹ́ ni ó lè yàn wọ́n.

Ẹja wúrà lè yé nígbà tí ó bá pé ọmọ ọdún kan, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni ẹyin àti àtọ̀ rẹ̀ dára jù. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì tún wò wọ́n láti òkè. Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ tọ́, lẹbẹ ìhà méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, ẹja náà sì gbọ́dọ̀ lè lúwẹ̀ẹ́ láìfì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹja tí ó ń dojú dé tàbí tí ó ń léfòó láìfẹ́ kò yẹ ní òbí, bí ó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dùn ún wò tó. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wọ́n, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ẹ tó da wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn tí ẹ ti ní.

Dídá akọ mọ̀ yàtọ̀ sí abo ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, nítorí pé ní ìgbà tí wọn kò bá tíì múra àtiyé, wọ́n jọra púpọ̀. Nígbà tí àkókò bá tó, akọ a yọ kókó funfun wínníwínní sí ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti sí etí lẹbẹ méjì tí ó wà nítòsí àyà. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án, yóò rí pàlàpàlà. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún àrùn tóótòòtó funfun, èyí tí ń fọ́n ká gbogbo ara àti ìrù láìní ètò, nígbà tí kókó akọ ń tò sí ibi méjì tí mo dárúkọ yìí. Abo a máa fẹ̀ níkùn, bí ẹ bá sì wò ó láti òkè, ẹ ó rí i pé ìhà kan yọ ju ìhà kejì lọ. Ẹ tún wo ihò ìdí: ti abo máa ń yọ síta díẹ̀, ó sì rọ̀, ti akọ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì wọnú. Kí ẹ má gbára lé àmì kan ṣoṣo. Akọ mìíràn kì í yọ kókó rárá, abo mìíràn sì máa ń yọ díẹ̀, nítorí náà ẹ wo gbogbo àmì pa pọ̀ kí ẹ tó pinnu. Akọ méjì sí abo kan ni ó dára, tàbí akọ mẹ́ta sí abo méjì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ẹja aláràbarà, irú àwọ̀ tí shubunkin ní, yẹ kí ó mọ bí àwọ̀ yẹn ṣe ń ti ọ̀dọ̀ òbí wá, kí ó má baà rò pé òun ṣe àṣìṣe nígbà tí ó bá rí àwọn ọmọ. Ìpẹ́ ẹja wúrà pín sí mẹ́ta: èyí tí ń dán, èyí tí kò dán rárá tí ara ẹja sì hàn gba inú rẹ̀, àti èyí tí ó wà láàrin méjèèjì, tí àwọn aláràbarà ní. Ní ọdún 1928 ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Ṣáínà náà, Shisan Chen, tẹ àlàyé rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá mú aláràbarà méjì pọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ ni ìpẹ́ wọn yóò máa dán, ìdá kan nínú mẹ́rin kò ní dán rárá, ìdajì tí ó kù ni yóò jẹ́ aláràbarà. Bí ẹ bá mú èyí tí ń dán pọ̀ mọ́ èyí tí kò dán rárá, gbogbo ọmọ wọn ni yóò jẹ́ aláràbarà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da ẹja tí kò dán nù pé kò lẹ́wà, wọn kò mọ̀ pé òun gan-an ni ó lè fún wọn ní ohun tí wọ́n ń wá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: mímú wọn múra àtiyé

Ẹ ya akọ àti abo sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Táǹkì kan náà tí a fi àwọ̀n dá sí méjì tó fún èyí, ó tiẹ̀ dára, nítorí wọ́n ń gbóòórùn ara wọn nínú omi. Ní àkókò yìí, ẹ fún wọn ní oúnjẹ tí ó ní ẹran nínú: ekòló tí a gé wẹ́wẹ́, tanwíjí, Daphnia (ohun abẹ̀mí wínníwínní inú omi), tàbí edé kékeré tí a ti mú dì. Ẹja wúrà kò ní àpò ikùn tí oúnjẹ lè dúró sí, ìdí nìyí tí oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ fi sàn fún un ju àjẹyó ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tí wọn kò bá jẹ tán láàrin ìṣẹ́jú méjì, ẹ kó o kúrò.

Ìyípadà ooru omi ni ó ń sọ fún wọn pé àkókò ti tó. Níbi tí ọdún ti ní ìgbà òtútù, ẹ jẹ́ kí omi wọn wà ní bíi dígírì 10 sí 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí oúnjẹ wọn sì dín kù, lẹ́yìn náà kí ẹ mú ooru gòkè ní dígírì kan lójúmọ́ títí yóò fi dé 20 tàbí 21. Níbi tí omi kì í ti í tutù tó bẹ́ẹ̀, ẹ lè lo ọ̀nà mìíràn: ní ìrọ̀lẹ́, ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi táǹkì pẹ̀lú omi tí ó fi dígírì méjì sí mẹ́ta tutù ju ti inú táǹkì lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí oòrùn òwúrọ̀ tún mú un lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó ń jọ òjò ńlá lójú wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ń yé ní àárọ̀ kejì tàbí ìkẹta. Ìmọ́lẹ̀ tí ó tó wákàtí 12 sí 14 lójúmọ́ ń ràn wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú.

Nígbà tí ẹ bá ti ń múra, ẹ ṣe ibi tí ẹyin yóò lẹ̀ mọ́. Ẹyin ẹja wúrà ní àtè lára, ohun tí ó bá kọ́kọ́ kàn ni yóò so mọ́. Ẹ gé òwú ọ̀rá, irú èyí tí a fi ń hun aṣọ òtútù, sí gígùn bíi sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ di púpọ̀ pọ̀ ní òkè, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa tú yẹẹrẹ nínú omi. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí aró kò fi ní máa jáde mọ́. Ewéko omi tí ewé rẹ̀ wẹ́, tàbí èyí tí ń léfòó tí gbòǹgbò rẹ̀ gùn, ṣiṣẹ́ bákan náà, ṣùgbọ́n ó lè gbé ìgbín omi àti ọmọ lámilámi wọlé. Ìgbín omi lè jẹ ẹyin, ọmọ lámilámi ń jẹ ọmọ ẹja. Òwú ni mo fara mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: òwúrọ̀ tí wọ́n bá yé

Ẹ gbé abo sínú táǹkì ìyésí ní ọ̀sán, ẹ kó àwọn akọ tẹ̀lé e ní ìrọ̀lẹ́, kí ìdì òwú mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì ti wà nínú omi. Ẹ má da òkúta tàbí yanrìn sísàlẹ̀. Ní ìdájí ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀: àwọn akọ yóò máa lé abo kiri, wọn yóò máa fi ẹnu ti ikùn àti ìdí rẹ̀, wọn yóò sì tì í wọ àárín òwú, níbi tí yóò ti máa tú ẹyin díẹ̀díẹ̀ tí àwọn náà yóò sì máa da àtọ̀ lé e lórí. Ó lè gba wákàtí méjì, ó sì lè gba mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi yóò hó, yóò sì dàrú díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù. Bí wọn kò bá yé ní ọjọ́ kìíní, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sí i kí ẹ tó dá wọn padà.

Àwọn kan máa ń di ẹja mú tí wọ́n sì ń tẹ ikùn rẹ̀ láti fún ẹyin jáde. Èmi kò dá a lábàá fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n, nítorí a lè fi ṣe abo léṣe nínú láìmọ̀.

Gbàrà tí wọ́n bá ti dáwọ́ dúró ni wọn yóò yíjú sí ẹyin, tí wọn yóò sì máa jẹ ẹ́. Ẹ kó àwọn òbí kúrò lójú ẹsẹ̀, tàbí kí ẹ gbé àwọn ìdì òwú lọ sínú omi mìíràn tí ooru rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ibi tí wọ́n ti wá. Ẹ dá abo padà sí àyè tirẹ̀, kúrò lọ́dọ̀ àwọn akọ, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́, ìpẹ́ rẹ̀ sì lè ti ya. Omi tí ó mọ́ àti iyọ̀ gíráàmù kan sí mẹ́ta nínú lítà kan yóò ràn án lọ́wọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi san.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹyin

Ìgbà yìí gan-an ni ẹ ó lo iye tí ẹ ti pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí àyè tí ẹ ní bá tó fún ẹja ogún péré, ìdì òwú kan tí ẹyin kún ti pọ̀ ju ohun tí ẹ nílò lọ. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn òbí kí wọ́n jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé ó ń dun ọkàn ẹni tí ó ti ń retí ẹyin láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n dídín ẹyin kù ní wákàtí àkọ́kọ́ rọrùn, ó sì ní àánú nínú ju kí ẹ máa wo ọgọ́rùn-ún mélòó kan ọmọ kí wọ́n máa kú nínú omi tí kò gbà wọ́n.

Ẹyin kan fẹ̀ tó mìlímítà kan sí kan àbọ̀. Èyí tí àtọ̀ bá wọ̀ máa ń mọ́ gaara, ó sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tí kò wọ̀ yóò di funfun láàrin ọjọ́ kan, yóò bu, irun funfun múlọ́múlọ́ yóò yọ lára rẹ̀, irun náà yóò sì máa nà dé ara àwọn ẹyin tí ó wà láàyè. Ẹ lè fi methylene blue, oògùn tí kì í jẹ́ kí irun yìí tàn kálẹ̀, díẹ̀ sínú omi títí yóò fi di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì máa fa àwọn tí ó ti kú jáde. Oògùn yìí ń pa bakitéríà inú fílítà, nítorí náà fóòmù tí ẹ ti tọ́jú kò gbọdọ̀ wọ inú omi yìí. Òkúta atẹ́gùn kan tí ń rú omi jẹ́ẹ́jẹ́ ni ó tó. Nígbà tí ẹyin bá ti pa tán, ẹ pààrọ̀ omi náà díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ búlúù yóò fi kúrò, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé fílítà wọlé.

Ní dígírì 20 sí 21, ẹyin yóò pa láàrin ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Omi tí ó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò fà á gùn tó ọ̀sẹ̀ kan, èyí tí ó gbóná tó 25 yóò mú un yá sí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ìdúróṣinṣin ooru ni kí ẹ wá, kì í ṣe kí ó tètè pa. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni ẹ ó rí ojú dúdú méjì nínú ẹyin kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: oṣù àkọ́kọ́

Àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yóò lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì àti òwú fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Wọ́n ní àpò oúnjẹ lábẹ́ ikùn tí wọ́n ń jẹ, ẹ má ṣe fún wọn ní nǹkan kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ gbọọrọ ni ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n, oúnjẹ sì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ ní ọjọ́ yẹn.

Kò sí oúnjẹ tí ó dára fún wọn tó ọmọ edé omi iyọ̀ tí ń jẹ́ Artemia, tí a ń ra ẹyin rẹ̀ ní gbígbẹ. Ní ọjọ́ tí ẹyin ẹja bá pa ni kí ẹ gbé e kalẹ̀. Ẹ po iyọ̀ tí kò ní iodine bíi gíráàmù 25 sínú lítà omi kan, ẹ da ẹyin Artemia díẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa rú u gidigidi, kí ìmọ́lẹ̀ wà lórí rẹ̀, kí omi náà sì wà ní dígírì 26 sí 28. Láàrin wákàtí 24 sí 36 wọn yóò ti jáde. Ẹ pa atẹ́gùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: èèpo yóò léfòó, àwọn edé aláwọ̀ ọsàn yóò kó jọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fà wọ́n jáde, ẹ sẹ́ wọn nínú aṣọ tí ojú rẹ̀ dí, ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣàn wọ́n, kí ẹ tó fún àwọn ọmọ ẹja. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìgò kejì lọ́jọ́ kejì, kí oúnjẹ má baà já. Àwọn edé yìí lè wà láàyè fún wákàtí díẹ̀ nínú omi lásán, ìdí nìyí tí wọn kì í fi í tètè ba omi jẹ́. Ikùn àwọn ọmọ ẹja yóò pọ́n bí wọ́n bá jẹ wọ́n, èyí sì jẹ́ àmì tí ẹ lè máa wò láràárọ̀ láti mọ èyí tí ó ń jẹun àti èyí tí kò jẹ.

Pupa ẹyin adìẹ sísè tí a fún kọjá nínú aṣọ wúlò bí kò bá sí ohun mìíràn, ṣùgbọ́n ó ń ba omi jẹ́ kíákíá, ìwọ̀nba tí ó kéré jọjọ ni kí ẹ lò. Omi tí oòrùn ti sọ di aláwọ̀ ewé dára láti fi kún un, nítorí àwọn ohun wínníwínní tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ bọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta lọ ni ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ ẹja tí a lọ̀ kúnná mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí omi wọn má jìn ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́, tàbí ó pẹ́ tán lọ́jọ́ méjì méjì, ẹ fi rọ́bà tí a fi aṣọ wé ẹnu rẹ̀ fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ jáde, kí ẹ sì pààrọ̀ bíi ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà pẹ̀lú èyí tí ooru rẹ̀ dọ́gba, tí chlorine ti kúrò nínú rẹ̀. Ẹ dà á wọlé jẹ́ẹ́jẹ́. Ọmọ ẹja tí a bọ́ dáadáa nínú omi tí a kì í pààrọ̀ kì í dàgbà, amóníà sì lè pa gbogbo wọn láàrin òru kan.

Ìgbésẹ̀ keje: yíyan àwọn ọmọ

Láàrin ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, ẹ fi abọ́ kékeré bu àwọn ọmọ díẹ̀díẹ̀ sínú ọpọ́n funfun, kí ẹ wò wọ́n láti òkè. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́, èyí tí kò lè gòkè kúrò nísàlẹ̀, èyí tí ẹnu rẹ̀ tàbí ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò pé, gbogbo wọn ni kí ẹ yọ. Nínú oríṣi onírù méjì, ẹ ó rí ọ̀pọ̀ tí ó ní ìrù kan. Kò sí ohun tí ó ṣe ara wọn, wọn kò kàn jọ irú wọn ni, a sì lè fún ẹni tí ó ní adágún. Ẹ tún wọn yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún tàbí ìkẹfà, nígbà tí lẹbẹ bá ti hàn kedere. Èyí tí ó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí àbúrò rẹ̀ lè wọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sí táǹkì mìíràn.

Ìwọ̀n tí mo fara mọ́ ni ọmọ kan sí lítà omi kan ní òpin oṣù àkọ́kọ́, ọmọ kan sí lítà mẹ́rin tàbí márùn-ún nígbà tí wọ́n bá pé oṣù mẹ́ta, àti ó kéré tán lítà 40 fún ẹja kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó bá dàgbà.

Èyí tí ara rẹ̀ kò dá, tí kò sì lè gbé ayé ìrọ̀rùn, kò yẹ kí a fi sílẹ̀ kí ebi máa pa á kú. Òróró kànáfùrù tí a pò mọ́ omi díẹ̀ nínú ìgò, tí a mì dáadáa, tí a sì dà sínú ọpọ́n tí ẹja náà wà, yóò mú un sùn lọ láìní ìrora. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí ó bá ti dáwọ́ mímí dúró. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín láàyè, ẹ má ṣe dà á sínú odò, adágún ìgboro tàbí ojú àgbàrá láé. Ẹja wúrà ń gbilẹ̀ nínú omi tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ń wa ìsàlẹ̀ omi títí yóò fi dàrú, ó ń jẹ ẹyin àti oúnjẹ ẹja ibẹ̀, àrùn sì lè tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àwọ̀ ni ohun tí ó ń tan àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọmọ tí ìpẹ́ rẹ̀ ń dán ni àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣókùnkùn ní ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti baba ńlá wọn inú odò. Láàrin oṣù kejì sí ìkẹta ni ọ̀pọ̀ wọn yóò dúdú sí i, tí ikùn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí pípọ́n náà yóò sì gun ẹ̀yìn lọ. Omi tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń mú un yá. Àwọn mìíràn máa ń tó ọdún kan kí wọ́n tó yí padà, díẹ̀ kì í yí padà títí ayé wọn. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi àwọ̀ yọ ẹnikẹ́ni nínú wọn ní oṣù méjì àkọ́kọ́. Ti àwọn aláràbarà yàtọ̀, nítorí àwọ̀ tiwọn ń hàn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde. Ojú yíyọ ti telescope àti iṣu ẹran orí oranda máa ń pẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó lè tó oṣù mélòó kan, nítorí náà ara àti ìrù ni kí ẹ fi yan àwọn wọ̀nyẹn títí dìgbà náà.

Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ ọjọ́ ìyé, ooru omi, òbí tí ẹ lò àti iye tí ó kù lẹ́yìn yíyàn kọ̀ọ̀kan sí. Ẹ ya fọ́tò àwọn tí ẹ bá dá dúró ní oṣù kẹta, ìkẹfà àti ìkejìlá, kí ẹ lè rí bí ara wọn ṣe ń yí padà. Nígbà tí wọ́n bá pé ọdún kan, ẹ yan mẹ́fà tí ó dára jù, kí ẹ gbìyànjú láti rí akọ kan tàbí méjì ti oríṣi kan náà láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tí ń sin ẹja, kí ẹ má baà máa fi ẹ̀gbọ́n bá àbúrò lò láti ìran dé ìran, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ di ọdún kejì kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n yé.